Ta Ni Kèfèrí? Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Kan nínú Bíbélì Yorùbá àti nínú Àròkọ Àwọn Ọmọ Wa

Ohun tí ó gún wa ní kẹ́ṣẹ́ láti kọ àyẹ̀wò yìí kò ju gbólóhùn kan ṣoṣo lọ. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, níbi ìpàdé tí àwa olùyẹ̀wò ìdánwò ti ń fi ẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì, a ka àròkọ ọmọbìnrin kan sókè kí gbogbo wa lè jọ díwọ̀n rẹ̀. Ẹni tí kò ṣeé gbàgbé ni a ní kí wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀. Ìyá tí ó bí ìyá rẹ̀ ni ọmọ yìí mú. Ó ṣàlàyé bí ìyá àgbà náà ṣe ń jí ní kùtùkùtù láti lọ ta ẹ̀kọ, àti bí ó ṣe fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé oníbàárà kan ní alẹ́ láti dá owó tí onítọ̀hún ṣèèṣì san lé padà. Lẹ́yìn èyí ni ó wá kọ ọ́ pé: 'Kèfèrí ni ìyá mi àgbà, ṣùgbọ́n òun ni ó kọ́ mi láti máa sọ òtítọ́.'

Ìjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ẹnìkan nínú wa ní kí a yọ máàkì, nítorí èébú ni kèfèrí, a kì í sì í bú òbí nínú àròkọ. Ẹlòmíràn ní kò sí èébú níbẹ̀, inú Bíbélì ni ọmọ náà ti rí ọ̀rọ̀ náà, àti pé bí a bá yọ máàkì fún un, Ìwé Mímọ́ ni a yọ máàkì fún. Àgbàlagbà kan láàrin wa, tí ó ti ń yẹ ìwé ìdánwò wò kí ọ̀pọ̀ wa tó di olùkọ́, ní òun kò bá kèfèrí jà rárá. Ó ní, 'Ṣùgbọ́n tí ó tẹ̀ lé e ni mò ń bá jà. Kí ni ó ń wá níbẹ̀?' Ọ̀rọ̀ náà dà bí ti amúkùn-ún tí wọ́n ní ẹrù rẹ̀ wọ́, tí ó ní òkè ni wọ́n ń wò. Òkè ni àwa ń wò.

Nínú àyẹ̀wò yìí, a ó wo ọ̀nà tí kèfèrí gbà wọ inú èdè wa, a ó wo ipò tí ó dì mú nínú Bíbélì Yorùbá, a ó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ àwa tí a ń ka Bíbélì náà gan-an ni a ti sọ di orúkọ ẹlòmíràn. Kì í ṣe pé a fẹ́ bá onígbàgbọ́ kankan jà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni onígbàgbọ́. Ohun tí ó kàn wá ni èdè, àti ohun tí èdè ń tú síta nípa ẹ̀dá ènìyàn.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà wọlé

Kò sí iyè méjì pé láti inú èdè Lárúbáwá ni kèfèrí ti wá, ó sì ṣeé ṣe kí ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Háúsá kọjá. Àwọn kan ń pè é ní kèèfèrí, àwọn mìíràn ní kèfèèrí. Nínú èdè tí ó ti wá, ẹni tí ó bo nǹkan mọ́lẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ìtumọ̀ rẹ̀: ẹni tí ó rí oore Ọlọ́run tí ó sì sẹ́ ẹ. Àwọn Mùsùlùmí ni ó kọ́kọ́ lò ó ní ilẹ̀ wa, nítorí pé ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin kí míṣọ́nnárì àkọ́kọ́ tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì.

Kèfèrí nìkan kọ́ ni àwọn onígbàgbọ́ yá lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí. Àdúrà, wàásù, àlàáfíà, àlùfáà àti wòlíì, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà wọlé. Nígbà mìíràn ìtumọ̀ a máa yí padà lójú ọ̀nà. Lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá, ẹni mímọ́, ọ̀rẹ́ Ọlọ́run, ni ẹni tí a sọ di wòlíì. Orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pe ẹni tí Ọlọ́run rán níṣẹ́, òun náà ni àwọn Mùsùlùmí wa sì ń pè ní ànábì títí di òní. Àwọn atúmọ̀ Bíbélì mú wòlíì fún irú ẹni bí Àìsáyà àti Jeremáyà, kò sì sí ẹni tí ó pariwo. Ọ̀rọ̀ àyálò dà bí aṣọ tí a yá wọ̀ lọ sí òde: ara ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ni yóò gbà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kèfèrí ní ìṣòro kan tí wòlíì kò ní. Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, kò sí ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ènìyàn ní aláìní-ẹ̀sìn. Onífá wà, oníṣàngó wà, ọlọ́ṣun wà, olórìṣà-oko wà. Ohun tí ẹnìkan ń bọ ni a fi ń pè é. Bí aládùúgbò rẹ kò bá bọ ohun tí ìwọ ń bọ, ohun tí bàbá tirẹ̀ bọ ni ó ń bọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èrò pé a lè fi ohun tí ènìyàn kò ní sọ ọ́ lórúkọ, àlejò ni èrò náà láàrin wa, ọ̀rọ̀ tí ó gbé e wá sì jẹ́ àlejò pẹ̀lú. Ohun kan tún wà tí a kì í sábà rántí: lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tí a ti yá ọ̀rọ̀ náà, onígbàgbọ́ pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó yá idà ẹlòmíràn lò ní láti mọ̀ pé idà náà mọ ọrùn tirẹ̀.

Kèfèrí nínú Bíbélì

Ní 1850 ni ìtumọ̀ Ìwé Róòmù tí Samuel Àjàyí Crowther ṣe jáde. Àwọn ìwé yòókù tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Thomas King àti àwọn mìíràn bá a lọ́wọ́ sí iṣẹ́ náà. Ní 1884, odidi Bíbélì jáde. Wọ́n tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn náà, èyí tí wọ́n tún ṣe ni ọ̀pọ̀ nínú wa bá nílé àwọn òbí wa. Bíbélì yẹn ni a ní lọ́kàn nínú gbogbo ohun tí a ó sọ níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ wo ohun tí àwọn atúmọ̀ náà bá pàdé. Nínú èdè Gíríìkì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, 'ethne', ni ó ń tọ́ka sí àwọn ènìyàn ayé tí kì í ṣe Júù. Orílẹ̀-èdè ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tí ó jáde ní 1611 pín ọ̀rọ̀ kan yìí sí ọ̀nà mẹ́ta: 'nations', 'Gentiles' àti 'heathen'. Èkíní kò ní èébú nínú. Èkejì kò ní èébú nínú pẹ̀lú, ó kàn ya ẹni tí kì í ṣe Júù sọ́tọ̀ ni. Ẹ̀kẹta ni ó ní ẹ̀gàn lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó di ti Yorùbá, mẹ́ta yìí di méjì. Orílẹ̀-èdè dúró fún èkíní, kèfèrí sì dúró fún èkejì àti ẹ̀kẹta lápapọ̀. Ibí yìí gan-an ni ohun gbogbo ti dàrú. Ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹ̀gàn àti ọ̀rọ̀ tí ó ní ẹ̀gàn wọ inú ẹ̀wù kan náà, ẹ̀gàn náà sì ràn mọ́ gbogbo rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kò jìnnà. Ní ìparí Ìwé Mátíù, níbi tí Jésù ti rán àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ jáde, orílẹ̀-èdè ni a kà pé kí wọ́n lọ kọ́. Nínú Ìwé Róòmù, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti pe ara rẹ̀ ní àpọ́sítélì fún àwọn ènìyàn kan náà yìí, Kèfèrí ni a kà. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà ni. Ẹni tí ó bá ka ti Mátíù yóò ní, 'Àwa nìyẹn, ìhìn rere ti dé ọ̀dọ̀ wa.' Ẹni kan náà yóò ka ti Róòmù, yóò sì ní, 'Àwọn nìyẹn.'

Bẹ́ẹ̀, àwa ni. Kò sí Júù nínú ìjọ kan ní Abẹ́òkúta ní 1850. Gbogbo ibi tí Bíbélì ti pe Kèfèrí, àwọn baba wa tí wọ́n jókòó sórí àga ìjọ ni ó ń pè. Ní orí kọkànlá Ìwé Róòmù, Pọ́ọ̀lù kọjú sí wọn gbangba, ó fi orúkọ yìí pè wọ́n, ó sì kìlọ̀ fún wọn: ẹ̀ka igi ólífì ìgbẹ́ ni yín, a kàn lọ́ yín mọ́ igi olóko ni, ẹ má ṣe gbéraga sí àwọn ẹ̀ka tí a gé kúrò. Ó wá jẹ́ pé nígbà tí onígbàgbọ́ Yorùbá bá na ìka sí aládùúgbò rẹ̀ tí ó pè é ní kèfèrí, ìgbéraga tí orí yẹn kìlọ̀ rẹ̀ gan-an ni ó ń ṣe, ọ̀rọ̀ tí orí yẹn fi pe òun fúnra rẹ̀ ni ó sì fi ń ṣe é.

Ẹni tí ó bá ti jókòó nínú ìsìn ìrọ̀lẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà mọ orin Símíónì, bàbá arúgbó tí ó gbé Jésù lọ́wọ́ nínú tẹ́ḿpìlì. Nínú orin náà, àwọn Kèfèrí ni ìmọ́lẹ̀ wá fún. A ti kọ ọ́ láti kékeré. A kò rántí ọjọ́ kan tí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi sọ fún wa pé àwa ni a ń kọrin nípa rẹ̀.

Orí kejì Ìwé Róòmù ni ó kan àròkọ ọmọ wa jù lọ. Níbẹ̀, Pọ́ọ̀lù kọ́kọ́ doríkodò lé ẹni tí ń dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́ tí òun náà sì ń ṣe ohun kan náà. Lẹ́yìn èyí, ó ní àwọn Kèfèrí tí kò gba òfin máa ń ṣe ohun tí òfin wí láti inú ẹ̀dá wọn, ẹ̀rí-ọkàn wọn sì ń jẹ́ wọn lẹ́rìí. Kò sọ pé wọn kò lẹ́ṣẹ̀. Ní orí kẹta ó kó Júù àti Kèfèrí pọ̀ sábẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé òtítọ́ kì í ṣe àjèjì lọ́wọ́ ẹ̀dá. Bí a bá fi ojú orí yìí wo ìyá àgbà ẹlẹ́kọ tí ó rìn ní alẹ́ láti dá owó padà, kò sí ohun ìyàlẹ́nu nínú ìṣe rẹ̀, kò sì sí ohun tí 'ṣùgbọ́n' wá ṣe níbẹ̀. Bákan náà ni Kọ̀nílíù, balógun ọ̀rún ará Róòmù tí a sọ ìtàn rẹ̀ ní orí kẹwàá Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì: ó ń gbàdúrà, ó ń ṣàánú fún àwọn tálákà, kí Pétérù tó mọ ilé rẹ̀.

Ẹni tí ó túmọ̀ àti àwọn tí a túmọ̀ fún

A kò gbọ́dọ̀ fi èyí dá Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́bi ju bí ó ti yẹ lọ. Kí ni à bá fẹ́ kí wọ́n lò? Àjèjì kò tó. Ará orílẹ̀-èdè mìíràn gùn jù lẹ́nu ẹni tí ń kàwé nínú ìjọ. Nínú àwọn ìtumọ̀ tuntun, wọ́n ti ń yẹra fún kèfèrí, wọ́n ń sọ pé àwọn tí kì í ṣe Júù. Èyí tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò dùn ún sọ bí ti àtijọ́. Iṣẹ́ atúmọ̀ kò rọrùn, olùkọ́ tí ó bá ti gbìyànjú láti túmọ̀ ojú ìwé kan péré fún ọmọ kíláàsì rẹ̀ yóò jẹ́rìí sí i.

Síbẹ̀, ìgbésí ayé Crowther fúnra rẹ̀ ni àlàyé tí ó dára jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1821 ni wọ́n kó ìlú rẹ̀, Òṣogùn, tí wọ́n sì kó òun àti ìyá rẹ̀ lẹ́rú. Àwọn Mùsùlùmí wà lára ọmọ-ogun tí ó kó wọn. Ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sàró, wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún un níbẹ̀ ní 1825. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀, Àfàlá. Ó tó ọdún 25 tí wọ́n ti rí ara wọn gbẹ̀yìn. Ní 1848 ni ìyá náà gba ìrìbọmi tí wọ́n sọ ọ́ ní Hannah. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Láàrin oṣù kẹjọ 1846 sí 1848, ìyá tí ó bí àlùfáà wà nílé àlùfáà, kò sì tíì di onígbàgbọ́. Bí a bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ tí a ń yẹ̀ wò yìí bí àwọn ọmọ wa ti ń lò ó, kèfèrí ni. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni lè sọ pé ẹni tí kò fojú kan ọmọ rẹ̀ fún ọdún 25, tí ó dì mọ́ ọn tí omi sì bọ́ lójú rẹ̀, ń dúró de ìrìbọmi kí ìfẹ́ tó wọ inú rẹ̀?

Apá kejì ìtàn náà korò. Ní 1864 Crowther di bíṣọ́ọ̀bù, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi joyè náà. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tí ẹgbẹ́ míṣọ́ọ̀nù rẹ̀ rán wá sí agbègbè odò Ọya bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wò. Wọ́n ní ìwà wọn kò mọ́, wọ́n ní ìgbàgbọ́ wọn kò jinlẹ̀, wọ́n lé àwọn kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lójú bàbá tí ó ti lé ní 80 ọdún. Crowther fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá 1891. Òyìnbó, Joseph Sidney Hill, ni wọ́n fi sí ipò rẹ̀. A gbà pé àwọn àṣìṣe kan wà nínú iṣẹ́ míṣọ́ọ̀nù náà lóòótọ́. Ohun tí a fẹ́ tọ́ka sí ni pé ààlà ti tún sún. Ẹni tí ó ti wà nínú agbo fún ọdún 65, tí ó fi èdè rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ agbo náà di kíkà, ni wọ́n wá ń wò bí ará ìta. Wọn kò lo ọ̀rọ̀ kèfèrí fún un. Wọn kò nílò rẹ̀.

Ẹ̀dá ènìyàn fẹ́ràn ààlà, ó sì fẹ́ràn kí ìhà tí òun wà jẹ́ ìhà tí ó dára. Onígbàgbọ́ kọ́ ni ó dá a sílẹ̀, Mùsùlùmí kọ́, olórìṣà náà kò sì mọ́ nínú rẹ̀: àwọn tí ó fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Abẹ́òkúta ní 1867, nígbà tí a ń pè ní Ifọ́lé, kò bi ẹni tí wọ́n kó lẹ́rù léèrè irú ènìyàn tí ó jẹ́.

Àwọn òǹkọ̀wé onígbàgbọ́ kan wà tí wọn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dí wọn lójú. E. M. Lijadu, tí ó jẹ́ oníwàásù, lọ jókòó ti àwọn babaláwo láti gbọ́ Ifá lẹ́nu wọn. Ìwé rẹ̀ Ọ̀rúnmìlà jáde ní 1908. Ó fẹ́ kí wọ́n di onígbàgbọ́, kò fi pa mọ́, ṣùgbọ́n ó gbà pé wọ́n ní èrò tí ó yẹ kí a fi èrò dá lóhùn. D. O. Fágúnwà náà ńkọ́? Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, Àkàrà-ògùn ń ké pe Ọlọ́run, ó sì ń lo oògùn. Àjẹ́ ni ìyá tí ó bí i. Àwọn lámèyítọ́ kan ti bú Fágúnwà pé ó da ẹ̀sìn méjì pọ̀ mọ́ ara wọn. Ní tiwa, a rò pé ènìyàn ni ó rí tí ó sì kọ sílẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò mọ ẹni tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í fi ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ ṣeré?

Nípa ti máàkì

Kí ni kí olùyẹ̀wò ṣe bí ó bá rí kèfèrí nínú ìwé ọmọ? Èrò wa ni pé kí ó má ṣe yọ máàkì nítorí ọ̀rọ̀ náà nìkan. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni báyìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ lé e jáde yóò lé àdúrà tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ ìbéèrè lórí ìtàn-àròsọ tàbí eré-onítàn ni, kí ó wò ó bóyá ọmọ náà mọ ẹni tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ náà: ṣé òǹkọ̀wé ni, àbí ẹ̀dá-ìtàn kan tí òǹkọ̀wé ń fi hàn wá? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kò mọ ìyàtọ̀ yìí, ibẹ̀ ni máàkì yẹ kí ó ti lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé àìgbàgbọ́ ni ọmọ fẹ́ sọ, Bíbélì Yorùbá kan náà ní aláìgbàgbọ́ fún èyí. Bí ó bá jẹ́ òrìṣà bíbọ, abọ̀rìṣà wà. Àwọn méjèèjì ń sọ ohun kan pàtó nípa ẹni tí a ń pè bẹ́ẹ̀.

Nínú kíláàsì, a ti gbìyànjú nǹkan kan tí ó rọrùn. A ní kí àwọn ọmọ ṣí ìparí Mátíù àti orí kọkànlá Róòmù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sọ àwọn tí orílẹ̀-èdè jẹ́ àti àwọn tí Kèfèrí jẹ́. Wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Nígbà kan, ọmọkùnrin kan rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Ẹ̀yin tíṣà náà wà níbẹ̀.'

Ní ti ọmọbìnrin tí ó kọ nípa ìyá rẹ̀ àgbà, a kò yọ nǹkan kan nínú máàkì rẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ó sì hàn nínú àròkọ náà pé ó kó o láti ilé. Àgbàlagbà tí ó bi wá léèrè nípa 'ṣùgbọ́n' gba ìwé náà, ó mú pẹ́ńsùlù, ó kọ 'àti pé' tẹ́ẹ́rẹ́ sí òkè ọ̀rọ̀ náà. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni ó pa á rẹ́, ó ní gbólóhùn ọmọ náà ni, ó sì ti ìwé náà sí ẹni tí ó kàn.